Ẹyẹ Tí A Fi Ṣe Èènì

Ẹ̀kọ́ kíkà: Lúùkù 12:6-7, 2 Sámúẹ́lì 12:1-6, 1 Tẹsalóníkà 5:18

  

Gbogbo wa ni a mọ bí ọjọ́ ìdúpẹ́ ṣe máa ń rí nínú ìjọ wa. Akọ̀wé á ka orúkọ, akọrin á gbé orin, ìlù á sì dún. Ẹni tí ó kọ́lé á jó jáde pẹ̀lú ẹbí rẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ rí ìwé ìrìnnà gbà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Kánádà á jó jáde. Ẹni tí wọ́n gbé ga lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tí ó ra ọkọ̀, ẹni tí ọmọ rẹ̀ jáde ní yunifásítì, gbogbo wọn á jó jáde, a ó sì bá wọn yọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, n kò bá a jà rárá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ẹ yíjú wo àwọn àga ẹ̀yìn. Ẹ ó rí àwọn ìyá kan tí wọn kò dìde. Aṣọ ẹgbẹ́ wà lọ́rùn wọn, gèlè wà lórí wọn, àpò ọrẹ wà lọ́wọ́ wọn, síbẹ̀ wọn kò dìde. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, wọn á ní, "Kí ni mo rí tí mo fẹ́ gbé jáde?" Bí ìyẹn bá ti ṣẹlẹ̀ lọ́dún mẹ́ta léraléra, irú ìyá bẹ́ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun lọ́jọ́ ìdúpẹ́.

Àwọn ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lónìí, àti àwa yòókù tí a ń jó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn.

Olúwa wa sọ̀rọ̀ ẹyẹ ológoṣẹ́ nínú Ìhìn Rere méjì, bí àwa tí a mọ ọjà bá sì fara balẹ̀ kà á, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ọjà ni. Nínú Mátíù orí 10, ẹyẹ méjì ni wọ́n ń tà ní ẹyọ owó kékeré kan. Nínú Lúùkù orí 12, ẹyẹ márùn-ún ni wọ́n ń tà ní ẹyọ owó méjì. Mo fi ọdún tí ó lé ní 30 kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí owó kan bá ra méjì, mẹ́rin ni owó méjì yẹ kí ó rà. Níbo ni ìkarùn-ún ti wá? Èènì ni! Ẹran àwọn tálákà ni ológoṣẹ́ láyé ìgbà náà, ẹni tí ó ń tà á sì máa ń fi ẹyọ kan kún un fún ẹni tí ó bá ra ti owó méjì, bí ìyá aláta tiwa ṣe máa ń bu ata díẹ̀ lé ti oníbàárà tí ó bá mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀.

Ẹyẹ karùn-ún yẹn kò ní iye kankan. Kò sí ẹni tí ó san kọ́bọ̀ lé e. Bí ó bá bọ́ sọ́nà, ẹni tí ó rà á kò ní padà lọ wá a. Síbẹ̀ Olúwa sọ ọ́ níbẹ̀ pé kò sí ọ̀kan nínú márààrún tí Ọlọ́run gbàgbé. Ẹ̀yin ìyá mi, Ọlọ́run ń ka èènì. Bí Òun bá ń kà á, kí ló dé tí àwa fi ń jó kọjá lórí rẹ̀ lọ́jọ́ ìdúpẹ́? Nínú ohun tí ó gbé wa ró láti òwúrọ̀ di alẹ́ àná, mélòó ni a fi owó rà?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tí ó bá ní igi ọ̀pẹ nítòsí ilé, ìbáà ṣe ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Ẹmùrẹ́, mọ ariwo ẹ̀ga. Ilẹ̀ kò ní tíì mọ́ tán tí wọn á ti bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ kò fẹ́ràn wọn nítorí wọ́n a máa ya imọ̀ ọ̀pẹ títí igi á fi dà bí ẹni tí wọ́n fá lórí. Ṣùgbọ́n ẹ gbé àpótí síta ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan kí ẹ wò wọ́n. Akọ ni ó ń hun ilé. Á fi ẹnu ya imọ̀ ọ̀pẹ ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, á sì máa hun ún bí ẹni hun agbọ̀n, láìní ọwọ́, láìní abẹ́rẹ́. Bí ó bá parí, á so rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé náà, á máa gbọn ìyẹ́, á máa pe abo kí ó wá wò ó. Abo á wọlé, á yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á jáde, á sì fò lọ. Bí àwọn abo bá ń kọ ilé náà, akọ á tú u palẹ̀ fúnra rẹ̀, á sì tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. (Ẹ má jẹ́ kí àwọn bàbá ilé ka ibi yìí.) Ta ni ó san owó kí ẹ tó rí èyí? Èènì ni.

Bí òjò bá dá, tí ọyẹ́ sì ń múra àti dé, lékeléke á tún yọ sí wa pẹ̀lú ẹ̀wù funfun, á máa tọ màlúù lẹ́yìn, á máa ṣa kòkòrò tí pátákò màlúù bá rú sókè jẹ. Bí òjò bá tún padà, púpọ̀ nínú wọn á kọjá lọ sí òkè ọya. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sí ẹ̀kọ́ tí mo lè máa kọ́ tí àwọn ọmọ kì í gbàgbé bí agbo lékeléke bá ń fò kọjá lójú fèrèsé. Wọn á na ìka wọn síta kí lékeléke bá wọn fún èékánná ní àwọ̀ funfun. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n ṣe é tán. Ìṣirò kò ní sá lọ. Mo mọ̀ pé lára àwọn ọmọ náà ti di ìyá àti bàbá báyìí, bóyá wọ́n ti gbàgbé ìsodipúpọ̀ tí mo kọ́ wọn, ṣùgbọ́n n kò rò pé wọ́n gbàgbé lékeléke.

Òkè ńkọ́? Ẹni tí ó bá wọ Ìkẹ́rẹ́ kò lè ṣe kí ó má rí Olósùnta. Àpáta ńlá ni, bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá tí oòrùn sì yọ, omi tí ó ń ṣàn lára rẹ̀ á máa tàn bíi dígí. Mo mọ̀ pé àwọn arábìnrin kan wà tí wọ́n máa ń gbé ojú kúrò níbẹ̀ nítorí ọdún tí wọ́n ń ṣe fún un lọ́dọọdún. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá ń ṣe ní ẹsẹ̀ òkè, òun ni yóò jíhìn rẹ̀. Òkè fúnra rẹ̀, ọwọ́ Ẹlẹ́dàá ni ó ti jáde kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dé ayé. Bí a bá kọ̀ láti fi dúpẹ́, a kan fi ohun Ọlọ́run sílẹ̀ fún ẹlòmíràn ni.

Ní igbó ọba tí ó wà ní Ìsẹ̀, àwọn onímọ̀ nípa ẹranko ti rí i pé ìnàkí ṣì ń gbé ibẹ̀, irú ìnàkí tí kò sí níbòmíràn nínú ayé yìí àyàfi ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Àwọn tí wọ́n ń gé igi gẹdú àti àwọn tí wọ́n ń dá oko sínú igbó náà ti mú kí ibi tí wọ́n lè sá sí dín kù. Bí ọmọ tàbí ọkọ wa bá wà lára wọn, ẹ jẹ́ kí a bá a sọ̀rọ̀ nílé. Ẹni tí ó dúpẹ́ ẹ̀bùn kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀bùn náà nù.

Ní báyìí mo fẹ́ wọ inú ọ̀rọ̀ tí ó mú mi gbé bírò gan-an.

Ìyá kan wà tí wọ́n ń wá sí ìpàdé Ìdàpọ̀. N kò ní dárúkọ wọn, n kò sì ní sọ ìjọ wọn, nítorí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ibi púpọ̀. Opó ni wọ́n. Àwọn ọmọ wọn wà ní ọ̀nà jíjìn, ilé náà sì dákẹ́. Ológbò kan ni wọ́n ń sìn. Bí wọ́n bá ti oko ẹ̀yìnkùlé dé, ológbò náà á jáde wá pàdé wọn, á máa fi ara nu ẹsẹ̀ wọn. Bí wọ́n bá ń kọrin àdúrà alẹ́, á wá jókòó sí itan wọn, á máa kùn lábẹ́lẹ̀ bí ẹni tí ń gbe orin. Ní ọjọ́ kan, nígbà ẹ̀rí, ìyá yìí dìde, wọ́n ní àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ológbò àwọn, pé òun ni kò jẹ́ kí ilé gbófo. Wọ́n jókòó. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn pòṣé. Lẹ́yìn ìpàdé, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò: pé obìnrin àgbà tí ó ń dá gbé, tí ó ń bá ológbò sọ̀rọ̀ lóru, kí a máa ṣọ́ra. Ìyá náà kò wá sí ìpàdé mọ́.

A mọ ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́yìn "kí a máa ṣọ́ra" yẹn. Kò sí ẹni tí ó pè é jáde, gbogbo etí ni ó sì gbọ́ ọ. Àjẹ́ ni wọ́n fẹ́ sọ. Ẹ̀yin arábìnrin, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ó ti lé ìyá kúrò nílé ọkọ, ó ti mú kí ọmọ má lè jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀, ó ti pa ènìyàn ní ilẹ̀ yìí. Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn ti Nàìjíríà, ní abala 210, kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹnikẹ́ni, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì sì ni ó wà níbẹ̀. Bí òfin ìjọba bá lè dáàbò bo ìyá náà, àwa tí a jọ ń jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa ńkọ́?

Ẹ wo ohun tí wòlíì Nátánì sọ fún Dáfídì ọba. Ó sọ ìtàn tálákà kan tí kò ní ju ọ̀dọ́ àgùntàn kan ṣoṣo lọ. Inú ilé ni ó ti ń tọ́ ọ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, àwo kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ, ife kan náà ni wọ́n jọ ń mu, a sì máa gbé e sùn mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ. Ẹ kíyè sí i pé Nátánì kò fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́. Dáfídì pàápàá kò béèrè pé irú ènìyàn wo ni ó ń bá àgùntàn jẹun. Inú bí Dáfídì sí ọlọ́rọ̀ tí ó gba àgùntàn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọba tí ó ti da ẹran rí mọ ohun tí ẹran lè jẹ́ fún ẹni tí kò ní ẹlòmíràn. Ìwé Òwe, orí 12 ẹsẹ 10, sọ ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn di àmì olódodo. Nínú ẹsẹ tí ó kẹ́yìn ìwé Jónà, nígbà tí Ọlọ́run ń sọ ìdí tí Òun fi dá Nínéfè sí, Ó ka àwọn ọmọ kéékèèké ibẹ̀, Ó sì ka àwọn ẹran ọ̀sìn wọn mọ́ wọn. Èènì tún ni, Ó sì kà á.

Àwa ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa. John Wesley lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ẹṣin, láti ìlú dé ìlú, láti wàásù. A máa kàwé lórí ẹṣin náà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé òun kì í fa ìjánu le, pé ọrùn ẹṣin ni òun ń jẹ́ kí ó wà gbọ̀ọ̀rọ̀, ẹṣin náà kì í sì í sábà kọsẹ̀. Ní 1781, nígbà tí ó ti di arúgbó, ó kọ ìwàásù kan lórí Róòmù 8:19-22, níbi tí ó ti sọ ọ́ pé àwọn ẹranko náà yóò ní ìpín nínú ìdáǹdè tí ń bọ̀, àti pé kí àwa ènìyàn fi èyí kọ́ àánú. Bàbá ìjọ wa ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kí ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí Wesley.

Fún ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ti Wesley, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìlera. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ìròyìn ibà Lassa. Ní 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá a mọ̀, ní ìlú Lassa tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Borno òde òní, irú eku kan tí ó máa ń wọlé wá jẹ oúnjẹ wa ni ó sì ń gbé e kiri. Ọ̀wọ̀ tí kò jìnnà sí Ẹmùrẹ́ wà lára ibi tí ó ti ń bá àwọn ènìyàn fínra jù. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń ka ohun tí a lè ṣe nílé láti dènà rẹ̀, wọ́n ní kí a kó oúnjẹ sínú ohun tí eku kò lè wọ̀, kí a da ilẹ̀ jìnnà sí ilé, kí ilé wà ní mímọ́, kí a sì máa sin ológbò. Ológbò ni wọ́n sọ o! (Ṣùgbọ́n bí ológbò bá pa eku, ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán gbé òkú rẹ̀.) Nítorí náà, ìyá tí a ń ṣọ́ra fún yẹn lè jẹ́ ẹni tí ó ń ṣọ́ àdúgbò.

Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá wà ní ìjọ yín, kí ààrẹ ẹgbẹ́ má ṣe rán ọmọdé sí wọn. Kí àwọn àgbà méjì tàbí mẹ́ta lọ fúnra wọn, kí wọ́n kúnlẹ̀ kí wọn, kí wọ́n jókòó pẹ́. Bí ológbò bá sì gun itan yín, ẹ jẹ́ kí ó jókòó.

Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa orin, nítorí ìyá yìí kan náà, orin ni ó kù lẹ́nu wọn.

Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì ní kí oníkálukú jókòó sílé. Ilé ìsìn wà ní títì pa. Ọjọ́ Àjíǹde ọdún náà bá wa nínú ilé, láìsí dùùrù, láìsí ẹgbẹ́ akọrin, láìsí aṣọ funfun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mo gbọ́ tí ìyá kan ní àdúgbò wa gbé orin Àjíǹde lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kò pẹ́ tí ohùn alto fi dáhùn láti ẹ̀yìn ọgbà kejì. Lẹ́yìn náà ni bàbá Mùsùlùmí tí ó ń gbé ní ọ̀ọ́kán bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ń bọ́ sí i. Ẹsẹ mẹ́rin ni a kọ bẹ́ẹ̀ láì rí ojú ara wa. Mo ti gbọ́ akọrin ńlá ní ìpàdé àgbà ìjọ wa, mo ti gbọ́ fèrè àti dùùrù olówó gọbọi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí ní orin tí ó gbé mi dúró jù, ti ọjọ́ yẹn ni.

Ẹ̀yin náà mọ orin ìdúpẹ́ ńlá tí a máa ń kọ ní ìgbéyàwó, ní ìkómọjáde àti ní ọjọ́ ìkórè, èyí tí ó ti èdè Jámánì wá. Ẹni tí ó kọ ọ́ ń jẹ́ Martin Rinkart. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni ní ìlú Eilenburg ní ilẹ̀ Jámánì, ní àkókò ogun tí wọ́n jà láti 1618 títí di 1648. Àwọn ènìyàn ń sá wọ ìlú náà nítorí odi rẹ̀, ebi sì wọlé tọ̀ wọ́n. Ní 1637, àjàkálẹ̀ àrùn dé. Àwọn òjíṣẹ́ yòókù kú tàbí kí wọ́n sá lọ. Òun nìkan ni ó kù tí ó ń sìnkú. Ó lé ní 4,000 ènìyàn tí ó sin ní ọdún náà, aya rẹ̀ sì wà lára wọn. Irú ọkùnrin yẹn ni ó kọ orin tí a fi ń jó jáde.

Ohun tí ó wú mi lórí jù nípa orin náà kò pọ̀ ní mímọ̀. Nínú ìwé Rinkart, kì í ṣe orin ayẹyẹ ni ó pè é. Àdúrà kékeré ti orí tábìlì oúnjẹ ni ó pè é. Ọpẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ! Bàbá kan nínú ìlú tí ebi ń pa, ó jẹ ìwọ̀nba tí ó rí pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò fi dúpẹ́ rẹ̀. Àwa ni a wá gbé e dé ibi tí ìlù àti aṣọ ẹbí wà.

Ní ti orin ilẹ̀ tiwa, Ẹni-Ọ̀wọ̀ A. T. Ọlájídé Olúdé, òjíṣẹ́ nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wa níhìn-ín, kọ "Jésù, a fẹ́ pàdé" ní 1949. Orin kékeré ni, ohùn rẹ̀ tẹ̀ lé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, ìlù sì bá a lọ wẹ́rẹ́. Ní 1989 wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé orin ìjọ United Methodist ti Amẹ́ríkà. Àwọn tí kò mọ ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ ń kọ ọ́. Ẹ má ṣe fojú kéré orin tí ẹ ń kọ nídìí ààrò.

Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ níbi kan, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì mí gbọ́. Ìwé Tẹsalóníkà sọ pé kí a máa dúpẹ́ *nínú* ohun gbogbo. Iṣẹ́ olùkọ́ kò jẹ́ kí n fo ọ̀rọ̀ kékeré. "Nínú" ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe "nítorí". Ẹ má ṣe lọ sọ fún ẹni tí ó sin ọmọ rẹ̀ lánàá pé kí ó dúpẹ́ nítorí rẹ̀. Ẹ lọ jókòó tì í. Bí omi tútù tí ẹ bù fún un bá dùn lẹ́nu rẹ̀, tí ó sì mí kanlẹ̀, ọpẹ́ ti wà nínú ìyẹn, bí kò tilẹ̀ sọ ọ́ jáde.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a fẹ̀yìn tì mọ ohun tí ó ń jẹ́ "ẹ padà wá lọ́la". Mo ti jókòó sórí àga onígi ní ọ́fíìsì kan ju iye ìgbà tí mo lè kà lọ, pẹ̀lú fáìlì lórí itan. N kò dúpẹ́ nítorí owó tí wọn kò san. Jákọ́bù orí 5 ti sọ ohun tí Ọlọ́run ń gbọ́ nínú owó iṣẹ́ tí a dá dúró. Ṣùgbọ́n igi ọ̀pẹ kan wà níwájú ọ́fíìsì náà, ẹ̀ga sì kún orí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo wo ẹ̀ga kan láti ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ilé títí ó fi yí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ po, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dìde kọ lẹ́tà mìíràn sí wọn. Mo rí i pé ọwọ́ mi kò gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ẹni tí ó ń fi ọpẹ́ pa ẹnu tálákà mọ́ kò mọ iṣẹ́ tí ọpẹ́ ń ṣe.

Àbá mi rèé fún àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ní gbogbo ẹ̀ka. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ tí ń bọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ka orúkọ àwọn tí wọ́n ní ìdúpẹ́ pàtàkì tán, ẹ fi ìṣẹ́jú 15 sílẹ̀ fún ìdúpẹ́ èènì. Kò ní sí àpò ìwé owó, kò ní sí aṣọ ẹbí, kò ní sí pípe orúkọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ yóò dìde níbi tí ó jókòó sí, yóò sì sọ ohun kékeré kan ṣoṣo: àgbálùmọ̀ tí ọmọ aládùúgbò fún un, àkùkọ tí ó jí i fún àdúrà, orin tí ó gbọ́ lórí rédíò ní òru tí oorun kò wá. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àga ẹ̀yìn. Kí akọrin má ṣe gé ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, kí ẹnikẹ́ni má sì pòṣé. Lẹ́yìn náà kí a kọ orin Olúdé pẹ̀lú ìlù àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Bí ìyá kan bá sì fẹ́ mú ológbò dání lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé. Kí wọ́n ṣáà dì í mú dáadáa, nítorí adìẹ ìkórè á ti wà nílẹ̀ níwájú.